Bí ẹ ó ṣe ṣe àbẹ̀wò sí Kalighat, ilé Kali ní ìlú Kolkata

Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ péré lẹ ó fi rí ojú Kali, òrìṣà obìnrin àwọn Híńdù, ní tẹ́ńpìlì Kalighat. Ẹ lè tò fún wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó kàn yín, pàápàá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Àbámẹ́ta. Bí ẹ bá sì dé iwájú rẹ̀ tán, ẹni tó wà lẹ́yìn ti ń tì yín, àwòrò ti ń pariwo pé kí ẹ kọjá, kí ẹ sì tó mọ̀, ẹ ti bọ́ síta. Ohun tí mo fẹ́ kọ síbí ni bí ẹ ó ṣe ṣètò gbogbo ìrìn náà nítorí ìwọ̀nba àkókò yẹn: ọjọ́ tó yẹ kí ẹ lọ, ẹni tó yẹ kí ẹ fún lówó àti ẹni tí kò yẹ, ibi tó yẹ kí ojú yín wà nígbà tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ èyí tẹ́lẹ̀, owó rẹ̀ á tán lójú ọ̀nà, inú á sì ti bí i kó tó wọlé.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń lọ sí Íńdíà nítorí ìwòsàn, ẹ̀kọ́ tàbí òwò, a sì máa ń ní ọjọ́ kan tàbí méjì tí ọwọ́ dilẹ̀. Tó bá jẹ́ Kolkata lẹ wà, Kalighat dára fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ nítorí pé kò sẹ́ni tí yóò bi yín ní ẹ̀sìn tí ẹ ń ṣe. Kì í ṣe gbogbo tẹ́ńpìlì Híńdù ló rí bẹ́ẹ̀. Ní tẹ́ńpìlì Jagannath tó wà ní Puri, ẹni tí kì í ṣe Híńdù kò ní wọlé rárá. Ní ti Meenakshi ní Madurai, ẹ lè rìn káàkiri, ṣùgbọ́n ẹ kò ní dé ojúbọ gan-an. Ní Kalighat, ẹni tó bá ti bọ́ bàtà tó sì tò sórí ìlà ti wọlé nìyẹn.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ilé ẹni tí ẹ ń lọ

Ìtàn tí àwọn Híńdù ń sọ nìyí. Sati, ẹni tí wọ́n gbà pé òun àti Kali jẹ́ ìyá kan náà ní ìrísí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ni ìyàwó òrìṣà ńlá tó ń jẹ́ Shiva. Bàbá rẹ̀, Daksha, ṣe ètùtù iná ńlá kan, ó pe gbogbo òrìṣà, kò pe ọkọ ọmọ rẹ̀, ó tún ń bú u lójú ọmọ. Ìtìjú yẹn ló pa Sati. Shiva gbé òkú ìyàwó rẹ̀ lé èjìká, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó ijó ìbínú káàkiri ayé, ayé sì ń mì tìtì. Vishnu, òrìṣà ńlá mìíràn, ló fi ohun ìjà rẹ̀, tó rí roboto tó sì mú bí abẹ, gé òkú náà sí wẹ́wẹ́ kí ijó náà lè dáwọ́ dúró. Ibi tí ẹ̀yà ara kọ̀ọ̀kan bọ́ sí di ibi mímọ́, 51 ni iye tí wọ́n sábà máa ń kà. Àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀ ọ̀tún ló bọ́ sí Kalighat. Ìdí nìyí tí ẹ ó fi rí àwọn tó wọkọ̀ ojú irin láti ìpínlẹ̀ tó jìnnà, tí wọ́n gbé ọmọ tuntun lọ́wọ́, tí ara wọn kò tíì wẹ̀ láti àná, tí wọ́n ń sáré kí ilẹ̀kùn tó tì.

Ibẹ̀ ti pẹ́ gan-an, àwọn ewì àtijọ́ ní Bengali, èdè àwọn ará Kolkata, ti dárúkọ rẹ̀ kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó dé agbègbè náà. Ilé tí ẹ ó rí lónìí ni kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ìdílé Sabarna Roy Choudhury, àwọn onílẹ̀ ńlá, ló kọ́ ọ, ọdún 1809 ni wọ́n sì parí rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá wá ń sọ fún yín lójú ọ̀nà pé ògiri yìí ti wà láti ẹgbẹ̀rún ọdún méjì sẹ́yìn, ẹ rẹ́rìn-ín músẹ́ kí ẹ máa lọ. Ilé náà kò ga púpọ̀. Òrùlé rẹ̀ tẹ̀ kọdọrọ bíi ti ahéré Bengali, òrùlé kékeré tó jọ ọ́ tún wà lórí rẹ̀, ṣóńṣó mẹ́ta sì wà lókè pátápátá.

Ọ̀rọ̀ kan kí n tó kúrò níbí. Ó wọ́pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí àwọn ènìyàn wa máa sọ pé Kali àti Ọya, ẹnì kan náà ni wọ́n, nítorí idà àti nítorí ikú. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Ìyá yìí ní ìtàn tirẹ̀, ó ní àwòrò tirẹ̀, ó ní èèwọ̀ tirẹ̀. Ẹ lọ kí i nílé tirẹ̀.

Ẹ yan ọjọ́, ẹ yan wákàtí

Tẹ́ńpìlì máa ń ṣí ní nǹkan bí agogo 5 àárọ̀, wọ́n sì máa ń tì í ní nǹkan bí agogo 2 ọ̀sán kí òrìṣà lè jẹun kó sì sinmi. Nǹkan bí agogo 5 ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa ń tún un ṣí, ó sì di agogo 10 kọjá lálẹ́ kí wọ́n tó tì í pa. Ọ̀pọ̀ àlejò ló máa ń jẹun ọ̀sán tán kí wọ́n tó múra, tí wọ́n á wá bá ilẹ̀kùn ní títì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Àbámẹ́ta ni ọjọ́ Kali, èrò kì í gba ẹsẹ̀ lọ́jọ́ méjèèjì. Ọjọ́ Àìkú náà kún nítorí ìsinmi. Ọjọ́rú tàbí Ọjọ́bọ̀, láàárín agogo 6 sí 8 àárọ̀, ni mo máa ń gba ènìyàn nímọ̀ràn láti lọ. Ilẹ̀ tútù nígbà yẹn, àwọn tó ń da àlejò láàmú kò tíì pọ̀, àwọn olódòdó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tú ẹrù. Ẹ má gbàgbé pé ẹsẹ̀ lásán lẹ ó fi rìn lórí òkúta. Láti oṣù Kẹrin sí oṣù Kẹfà, oòrùn Kolkata lè dé ìwọ̀n 40, ilẹ̀ náà á sì máa jó ẹsẹ̀. Láti oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹsàn-án, òjò ni, omi àti ẹrẹ̀ á dàpọ̀ mọ́ òdòdó tí wọ́n ti tẹ̀ mọ́lẹ̀. Oṣù Kọkànlá sí oṣù Kejì ló rọrùn jù.

Àwọn ọjọ́ ọdún kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀, bóyá láti lọ, bóyá láti sá fún un. Ọjọ́ ọdún tuntun àwọn Bengali máa ń bọ́ sí nǹkan bí ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin. Lọ́jọ́ náà, àwọn oníṣòwò máa ń gbé ìwé ìṣirò owó tuntun wá láti òru kí àwòrò lè fi àmì pupa sí ojú ewé àkọ́kọ́. Ohun tó wuni í wò ni, ṣùgbọ́n ẹ kò ní rí ojúbọ lọ́jọ́ náà àfi bí ẹ bá ní sùúrù àgbàlagbà. Òru Kali Puja, ìyẹn ọdún Kali, láàárín oṣù Kẹwàá sí Kọkànlá, ni gbogbo ìlú máa ń bọ Kali, síbẹ̀ ní Kalighat fúnra rẹ̀, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà bọ Lakshmi, ìyá ọrọ̀, ni wọ́n ń fi bọ Kali lóru yẹn. Tó bá jẹ́ ìgbà Durga Puja, ọdún òrìṣà obìnrin tó ń jẹ́ Durga, tó máa ń ṣáájú Kali Puja, gbogbo Kolkata ló ń jáde sígboro lọ́sàn-án àti lóru. Ẹ wo àwọn ère tí wọ́n gbé sí àdúgbò kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi Kalighat sí ọ̀sẹ̀ mìíràn.

Aṣọ àti ohun tí ẹ ó mú dání

Aṣọ tó bo èjìká àti orúnkún ti tó. Ìró àti bùbá dára, ìborùn dára. Bí ó bá jẹ́ pupa, inú àwọn ènìyàn á dùn, nítorí àwọ̀ Kali ni pupa. Agbádá ni kí ẹ fi sílẹ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì. Mi ò sọ pé kò yẹ o, àmọ́ nínú èrò yẹn, ẹlòmíràn á tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń gun àtẹ̀gùn.

Ẹ má wọ bẹ́líìtì aláwọ, ẹ má gbé báàgì aláwọ. Màlúù jẹ́ ohun ọ̀wọ̀ lójú wọn, awọ kì í sì í wọ ibi mímọ́. Ẹ wọ sálúbàtà tí kò níye lórí, èyí tó ṣe é bọ́ wéré. Nínú ọ̀pọ̀ ìdílé Híńdù, obìnrin tó ń ṣe nǹkan oṣù kì í lọ sí tẹ́ńpìlì. Kò sẹ́ni tí yóò bi yín, ọwọ́ yín ló kù sí.

Ọ̀rọ̀ owó ṣe pàtàkì. Àwọn ará ìlú ń fi fóònù sanwó níbi gbogbo, títí kan ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta tíì, ṣùgbọ́n àlejò tí kò ní àkáǹtì ní báńkì Íńdíà kò lè gbẹ́kẹ̀ lé e. Ẹ ṣẹ́ owó sí rúpíì 10, 20, 50 àti 100 kí ẹ tó débẹ̀, kí ẹ pín in sí àpò méjì: èyí tí ẹ ó na nínú tẹ́ńpìlì, àti èyí tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ rí. Ẹni tó bá fa rúpíì 500 yọ kò ní rí ṣéńjì gbà. Ẹ gbé àpò yín síwájú, kì í ṣe ẹ̀yìn, torí àwọn jáwójáwó mọ Kalighat ju bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n lọ.

Bí ẹ ó ṣe débẹ̀

Ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ló yá jù, owó rẹ̀ kò sì ju ẹyọ péréte. Ọ̀nà rẹ̀ tó ti àríwá lọ sí gúúsù, èyí tí wọ́n ń pè ní Blue Line, ni kí ẹ wọ̀. Òun ni irú rẹ̀ àkọ́kọ́ ní gbogbo Íńdíà, ọdún 1984 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ lè sọ̀ ní ibùdókọ̀ Kalighat tàbí ní Jatin Das Park. Tẹ́ńpìlì wà láàárín méjèèjì, ẹ ó fi ẹsẹ̀ rìn fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹni tó bá ń bọ̀ láti ibùdókọ̀ ojú irin Howrah lè wọ ọkọ̀ tó ń gba abẹ́ odò Hooghly kọjá, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 2024, kó yí ọkọ̀ padà ní Esplanade. Ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ kì í tètè bẹ̀rẹ̀ tó láti gbé yín dé ibẹ̀ ní agogo 5 àárọ̀, lọ́jọ́ Àìkú ni ó sì máa ń pẹ́ jù, nítorí náà takisí ni ẹni tó bá fẹ́ tètè dé yóò wọ̀. Kẹ̀kẹ́ Màrúwá náà wà, ojú ọ̀nà kan náà ni kọ̀ọ̀kan wọn ń ná, ènìyàn púpọ̀ ló sì ń wọ̀ ọ́ pọ̀.

Tí ẹ bá ń bá awakọ̀ sọ̀rọ̀, ẹ pe orúkọ Kalighat ketekete. Tí ẹ bá ní "tẹ́ńpìlì Kali" lásán, ó lè gbé yín lọ sí Dakshineswar, níbi tí tẹ́ńpìlì Kali mìíràn wà lápá àríwá ìlú. Obìnrin olówó kan, Rani Rashmoni, ló kọ́ ìyẹn, wọ́n sì ṣí i ní 1855. Ibẹ̀ fẹjú, ó mọ́ tónítóní, ó wà létí odò, ó sì dára fún ọjọ́ mìíràn, àmọ́ kò sí nínú àwọn 51 yẹn.

Òpópónà tẹ́ńpìlì: ibi tí owó ti ń lọ

Ìrìn náà gan-an bẹ̀rẹ̀ níbí, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́.

Bí ẹ bá ti yà sí òpópónà tó lọ sí tẹ́ńpìlì, ìsọ̀ ni lọ́tùn-ún lósì: ẹ̀gbà funfun àti pupa tí obìnrin abilékọ ń wọ̀, lẹ́bú pupa nínú ife kéékèèké, ère, fọ́tò, òwú pupa, àti òdòdó hibiscus pupa tí wọ́n sín bí ìlẹ̀kẹ̀. Òdòdó yẹn ni Kali fẹ́ràn jù. Láàárín ìsọ̀ yìí ni àwọn tó ń ta dala wà, ìyẹn agbọ̀n ìrúbọ. Ohun tó sábà máa ń wà nínú rẹ̀ ni òdòdó hibiscus, àkàrà dídùn tí wọ́n fi wàrà ṣe tí wọ́n ń pè ní pera, tùràrí àti lẹ́bú pupa; àgbọn á wà nínú èyí tó bá tóbi. Bí agbọ̀n ṣe tóbi tó ni owó rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Èyí tó kéré jù ti tó. Òrìṣà kò ní wọn agbọ̀n yín.

Ìsọ̀ tí ẹ bá ti ra dala náà ni ẹ ó ti bọ́ bàtà sílẹ̀, olúwa rẹ̀ á máa bá yín wò ó. Bí ẹ kò bá fẹ́ ra nǹkan kan, ẹ gbé àpò aṣọ kékeré lọ́wọ́ tí ẹ ó kó bàtà yín sí. Omi ẹ̀rọ wà nítòsí ẹnu ọ̀nà láti fi fọ ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Ẹ fọ̀ ọ́, kódà bí ẹ kò bá ní gbàdúrà.

Ní báyìí, àwọn páńdà. Páńdà ni ẹni tó máa ń mú olùjọsìn wọlé, tó ń bá a ka àdúrà, tó ń bá a gba ojú ọ̀nà láàárín èrò. Iṣẹ́ àtijọ́ ni, àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa wà nínú wọn. Ẹ̀yìn wọn ni ìdílé Haldar wà, àwọn tó ni ìtọ́jú òrìṣà láti ìran dé ìran. Wọ́n pín ọjọ́ láàárín ara wọn, ìdílé tí ọjọ́ bá kàn ló ń gba ohun tí wọ́n bá fi síwájú òrìṣà lọ́jọ́ náà. Nítorí náà, bí ẹ bá rí àwòrò tó ń pariwo pé "owó dà?", ọjọ́ tirẹ̀ ló ń lọ yẹn, ọ̀la kì í ṣe tirẹ̀.

Àwọn kan nínú àwọn tó ń dá àlejò dúró lójú pópó kì í sì í ṣe páńdà rárá. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kò ju mẹ́ta lọ. Ẹnì kan á ní ìjọba ló rán òun, pé àlejò gbọ́dọ̀ ní amọ̀nà, irọ́ ni. Ẹnì kejì á fi òwú pupa sí yín lọ́rùn ọwọ́ tàbí òdòdó sí yín lọ́wọ́ kí ẹ tó lanu, á wá béèrè owó. Ẹnì kẹta ló gbọ́n jù: á mú yín yípo jẹ́jẹ́, á ṣàlàyé dáadáa, á bá yín gbàdúrà fún bàbá àti ìyá yín, lẹ́yìn náà á ṣí ìwé ńlá kan tí orúkọ àwọn òyìnbó wà nínú rẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún rúpíì níwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan, á ní kí ẹ kọ tiyín. Kò sí owó ìwọlé ní Kalighat. Ẹ má fọwọ́ kan bírò náà.

Ẹ̀rọ̀ rẹ̀ kò le. Ní Kolkata, ọkùnrin tí ẹ kò mọ̀ ni "dada", bí ìgbà tí a bá ní ẹ̀gbọ́n. Obìnrin ni "didi". Bí ẹ kò bá fẹ́ ìrànlọ́wọ́, ẹ sọ pé "Lagbe na, dada", ìyẹn ni pé "Mi ò nílò rẹ̀, ẹ̀gbọ́n". Ẹ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú ẹ̀rín, ẹ má dúró, ẹ má ṣàlàyé. Ẹni tó bá ti dúró ṣàlàyé ti wọ ọjà.

Bí ẹ bá fẹ́ páńdà, ẹ fi ọ̀rọ̀ owó ṣáájú ohun gbogbo, báyìí:

"Dada, gbogbo rẹ̀ lápapọ̀, èló ni? Agbọ̀n, àdúrà, ojúbọ, àti iṣẹ́ ọwọ́ yín?"

Bí ó bá dáhùn pé "ohun tó bá wù yín" tàbí "ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rí Ìyá ná", ẹ wá ẹlòmíràn. Bí ó bá dárúkọ iye kan, ẹ dúnàá dúrà, kí ẹ fẹnu kò, kí ẹ tún un sọ níwájú oníṣọ̀ọ́bù tí ẹ ti ra agbọ̀n. Ẹ san án nígbà tí ẹ bá jáde, kì í ṣe kí ẹ tó wọlé. Èrò tèmi ni pé ọjọ́ tí èrò bá pọ̀, páńdà tó mọ iṣẹ́ tó iye tí yóò gbà; lọ́jọ́ tí ibẹ̀ bá dá, ẹ lè dá wọlé.

Owó tí ẹ bá fẹ́ fi síwájú òrìṣà yàtọ̀. Àṣà wọn ni pé kí ọ̀kan máa lé lórí rẹ̀: rúpíì 11, 21, 51, 101. Ẹ ti ka èyí tí ẹ fẹ́ fi sílẹ̀ sọ́wọ́ kí ẹ tó dórí ìlà. Àwòrò lè wò ó kó ní ó kéré, kó tún gbọ́wọ́ síwájú. Ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ tẹrí ba, kí ẹ kọjá.

Àwọn alágbe pọ̀ létí ọ̀nà. Bí ẹ bá fún ẹnì kan nígbà tí ẹ ń wọlé, ogún á tẹ̀ lé yín. Ìgbà tí ẹ bá ń jáde, tí ọkọ̀ yín ti wà nítòsí, ni kí ẹ ṣe sàráà.

Lórí ìlà, àti níwájú rẹ̀

Ọ̀nà méjì ló wà láti rí Kali. Ìlà kan ń lọ sínú yàrá ojúbọ gan-an, níbi tí ẹ ó ti súnmọ́ ère náà pẹ́kípẹ́kí. Òun ni ìlà gígùn. Ọ̀nà kejì ni láti wò ó láti òkèèrè: gbàgede ńlá kan tí wọ́n kọ́ ní 1835 kọjú sí ojúbọ láti gúúsù, wọ́n ń pè é ní Natmandir, òdèdè tó ga sì wà láàárín òun àti ojúbọ. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ lè rí ojú òrìṣà bí orí àwọn ènìyàn bá yà díẹ̀. Bí ẹ bá ní arúgbó tàbí ọmọdé lọ́wọ́, tàbí bí èémí yín kì í dára nínú èrò, Natmandir ni kí ẹ dúró sí. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé ẹ kò rí i.

Ẹni tó ń wọnú yàrá, kí ó ti ṣètò ọwọ́ rẹ̀: agbọ̀n tàbí òdòdó lọ́wọ́ ọ̀tún, owó láàárín ìka, fóònù nínú àpò tí a ti pa dé. Wọn kì í gba fọ́tò láyè nínú ojúbọ, wọ́n sì lè gba fóònù náà lọ́wọ́ ẹni tó bá gbé e sókè. Ọwọ́ ọ̀tún lẹ ó fi fúnni, òun náà lẹ ó fi gbà á. Ní ti èyí, ilé ni ẹ wà. Àtẹ̀gùn máa ń tutù, ó sì ń yọ̀ nítorí omi àti òdòdó, ẹ fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ dáadáa.

Ère Kalighat kò jọ àwòrán Kali tí ẹ ti ń rí, obìnrin tó dúró lórí ọkọ rẹ̀ tó so orí ènìyàn mọ́rùn. Òkúta dúdú ni, ojú ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ojú: mẹ́ta ni, wọ́n tóbi, ẹ̀kẹta wà níwájú orí. Kí ojú yín sọ̀kalẹ̀ sí ahọ́n, wúrà ni, ó gùn, ó yọ síta wá sísàlẹ̀. Bí wọn kò bá tíì tì yín kúrò, ẹ wo ọwọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wúrà náà ni: idà wà ní ọ̀kan, orí tí a gé wà ní èkejì, méjì tó kù ń súre. Wọ́n ní idà yẹn ni ìmọ̀, orí yẹn sì ni ìgbéraga ènìyàn tí ìmọ̀ gé kúrò. Àwòrò á gba òdòdó yín, á fi kan ère, á dá díẹ̀ padà fún yín, ó lè fi lẹ́bú pupa sí yín níwájú orí. Ó parí.

Onígbàgbọ́ tàbí Mùsùlùmí tó kàn fẹ́ wòye kò ní láti gba lẹ́bú tàbí oúnjẹ. Ẹ pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀ síwájú àyà, ẹ tẹrí ba díẹ̀, ẹ máa lọ. Ìkíni ni wọ́n ń fi í ṣe, wọn kò ní bínú.

Ẹ má tíì jáde

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sáré jáde lẹ́yìn ojúbọ, bẹ́ẹ̀ inú ọgbà yẹn ni nǹkan pọ̀ sí. Ẹ wá Sosthi Tala, pẹpẹ kékeré tí igi ẹlẹ́gùn-ún wà lórí rẹ̀, tí òkúta mẹ́ta dúró fún òrìṣà obìnrin mẹ́ta: Sosthi tó ń ṣọ́ ọmọ, Sitola tó ni ìgbóná, àti Mangal Chandi. Obìnrin ni àwòrò níbẹ̀. Àwọn tó ń wá ọmọ àti àwọn tó ti rí i ló ń wá síbẹ̀. Ẹ dúró lókèèrè díẹ̀, torí ẹkún àdáni ni wọ́n ń sun.

Lápá gúúsù ni Harikath Tala wà, ibi tí wọ́n ti ń fi ẹran rúbọ. Òpó igi méjì tí a rì mọ́lẹ̀ ló wà níbẹ̀, kékeré fún òbúkọ, ńlá fún ẹfọ̀n. Òbúkọ dúdú ni wọ́n sábà máa ń mú wá, ẹni tó bá jẹ́ ẹ̀jẹ́ tí àdúrà rẹ̀ gbà ló ń mú un wá, àárọ̀ ni wọ́n sì sábà máa ń ṣe é. Wọ́n á wẹ ẹran náà, wọ́n á fi ọrùn rẹ̀ há igi, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni idà gbọ́dọ̀ gé e. Ìlù á dún, á dákẹ́. Nínú irú ẹran bẹ́ẹ̀, àwọn Bengali kì í fi àlùbọ́sà tàbí aáyù sí i nígbà tí wọ́n bá ń sè é. Kò lè ṣe àjèjì sí ẹni tó ti rí ìbọ nílé wa, ṣùgbọ́n ẹ má mú ọmọdé lọ láìsọ fún un tẹ́lẹ̀, ẹ má sì ya fọ́tò. Ohun tó yà mí lẹ́nu ju ìyẹn lọ ni pé nínú ọgbà kan náà ni ilé Radha àti Krishna wà, àwọn òrìṣà tí kì í fẹnu kan ẹran, ilé ìdáná tiwọn sì dá dúró kí òórùn ẹran má baà dé oúnjẹ wọn.

Lẹ́yìn tẹ́ńpìlì

Gbogbo ibi tí ẹ̀yà ara Sati bọ́ sí ló ní Shiva tó ń ṣọ́ ọ. Ti Kalighat ń jẹ́ Nakuleshwar, ilé rẹ̀ kò jìnnà, ẹ béèrè Haldar Para Lane. Àwọn Bengali tó mọ àṣà kì í kí ìyàwó kí wọ́n fi ọkọ sílẹ̀. Ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́, ẹ lè jókòó.

Odò tó wà lẹ́yìn tẹ́ńpìlì ni wọ́n ń pè ní Adi Ganga. Ojú ọ̀nà àtijọ́ tí odò Ganga ń gbà ni, kí omi tó yà sí ibòmíràn. Ìlà omi tóóró ló kù báyìí. Àwọn kan ṣì ń wẹ̀ níbẹ̀. Ẹ má wẹ̀ níbẹ̀, ẹ má bù ú mu, omi náà ti bàjẹ́.

Ilé tó fara ti tẹ́ńpìlì ni Nirmal Hriday, tí Mother Teresa ṣí ní 1952 fún àwọn tó ń kú lọ láìní ẹni. Ilé ìsinmi àwọn arìnrìn-àjò Kali ni tẹ́lẹ̀, ìjọba ìlú ló fi lé e lọ́wọ́. Kì í ṣe ibi ìgbafẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́ á kọ́kọ́ lọ forúkọ sílẹ̀ ní Mother House, olú ilé ìjọ Mother Teresa, lójú pópó A.J.C. Bose. Ẹlòmíràn, kó kọjá jẹ́jẹ́. Ẹ sì kíyè sí àwọn páńdà ayédèrú tó máa ń sọ pé àwọn ń kó owó jọ fún ilé yìí: wọn kò rán ẹnikẹ́ni síta.

Ohun ìrántí tó dára jù kò sí lórí àtẹ òpópónà náà mọ́. Ní ọ̀rúndún 19, àwọn ayàwòrán ìgbèríko wá tẹ̀dó sí àyíká tẹ́ńpìlì, wọ́n ń ya àwòrán sórí ìwé olówó pọ́ọ́kú fún àwọn olùjọsìn: Kali, Shiva, ológbò tó gbé ẹja sẹ́nu, ọkùnrin aláfẹ́ ìgboro tí ìyàwó rẹ̀ ń lù. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló pa òwò wọn. Ní Kolkata, ẹ wá a lọ sí Victoria Memorial. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, àkójọ tó pọ̀ jù nínú wọn wà ní Victoria and Albert Museum ní South Kensington, wíwọlé sí àwọn gbọ̀ngàn rẹ̀ tó máa ń wà ní ṣíṣí nígbà gbogbo kò sì gba owó. Ẹ wo ìkànnì wọn kí ẹ tó lọ, torí ìwé náà ẹlẹgẹ́ ni, wọn kì í pàtẹ gbogbo rẹ̀ nígbà kan náà.